Gbọ́kànsókè àti Àgbàdo Orí Àjà

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Jeremáyà Bánkọ́lé ní Ìdí-Àyìn títí di òní, ọjọ́ tí àgbàdo rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kiri báyìí kò tíì dáyé nígbà náà, àwọn náà ló sì ń fi ewúrẹ́ méjì kún un. Ewúrẹ́ kankan kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ti ewúrẹ́, ọ̀tọ̀ ni.

Oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni. Ìdí-Àyìn kò ju ogójì ilé lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Ìrè lọ sí Oyè, bíṣọ́ọ̀bù kò sì tíì wá sọ́dọ̀ wa rí. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ kíláàsì lórí. Gbogbo wa ló ń retí wọn, ṣùgbọ́n Bánkọ́lé, káfíńtà ìjọ, ní ìdí tirẹ̀. Àlùfáà àyíká wa kì í lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, ẹnì kan sì ní láti máa ṣáájú ìsìn ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi yòókù. Ìwé àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù ni ènìyàn fi ń ṣe é. Láti ọdún mẹ́fà ni Bánkọ́lé ti ń fẹ́ ìwé náà bí ẹni ń fẹ́ ìyàwó, tí wọn kò fún un.

Ó ti wá kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù pé ní Ìdí-Àyìn, òkè ni ọkàn àwọn ènìyàn wà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wọn pàápàá kì í gbé nílẹ̀ bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì purọ́. Láti bí ọdún méjì tó ti fi pákó kan àjà sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀ṣì, kí ooru àti ariwo òjò lè dín kù, ni ìjọ ti ń gbójú sókè. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù. Bánkọ́lé yóò jókòó síwájú, yóò yíjú padà díẹ̀, yóò rí ojú ogójì tó ń wòkè lẹ́ẹ̀kan náà, omi ayọ̀ á sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù rí i bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ń wàásù lọ, wọ́n ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń wo àwọn. Wọ́n dúró díẹ̀, àwọn náà gbójú sókè, wọn kò rí ju pákó lọ. Bánkọ́lé mi orí sí wọn láti ìjókòó rẹ̀, bí ẹni pé, Ẹ rí i pé òótọ́ ni mo kọ. Ìgbà náà ni pákó kan dún kẹ́rẹ́, ó dún gbààrà, ó sì ya. Àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó rọ̀ sí àárín àwọn ọmọ kíláàsì, ó rọ̀ sí orí tábìlì mímọ́, ìdì ńlá kan sì bọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ba, wọ́n he ìdì náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń wàásù nípa mánà. Òní ni mo kọ́kọ́ rí ibi tó ti ń jábọ́."

Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni àwọn obìnrin dìde, kálukú ń wá tirẹ̀. Òmíràn ní okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun fi di tòun, òmíràn ní kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tó ní àkísà pupa lọ́rùn. Bánkọ́lé nìkan ló dúró bí òpó. Gbogbo abúlé ló mọ̀, àfi òun.

Ẹ má sì dá àwọn ènìyàn lẹ́bi. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí ilé tí kò ní àjà lókè ààrò, ibẹ̀ ni àgbàdo àti irúgbìn ń gbé gbẹ. Ta ló ti rí àjà tí wọ́n kàn lásán rí? Ti ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ dára jù, nítorí páànù mú un gbóná, kòkòrò kì í débẹ̀, olè wo ló sì máa lọ jí nǹkan lókè orí Ọlọ́run? Ìyá Wùnmí, arúgbó tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé ìdì kan síbẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ gbé kejì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ìyàwó Bánkọ́lé pàápàá ní ìdì mẹ́rin níbẹ̀. Èmi ni ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, bíṣọ́ọ̀bù pe Bánkọ́lé sí abẹ́ igi. Wọn kò bínú, èyí tó burú jù fún un, nítorí ó ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Bí àwọn bá rí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìjọ náà tí ọkàn rẹ̀ kọjá àgbàdo, yóò gba ìwé rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, kí ó máa kan àga lọ. Bánkọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọdún kan kéré, kí wọ́n ṣe é ní méjì, kí ẹni náà sì jẹ́ ìdajì ènìyàn. Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Odidi ènìyàn. Ọdún kan."

Kí ẹ má baà rò pé orí rẹ̀ ni kò pé, mo ní láti sọ ibi tí nǹkan yìí ti wá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìfàkì, ó jábọ́ láti orí òrùlé kan, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ sínú koríko. Kò lè dìde. Àwọn yòókù ti lọ jẹun, wọn kò sì tètè padà. Odindi ọ̀sán ló fi dùbúlẹ̀ níbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run, ìgbà tí wọ́n sì wá gbé e, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ó máa ń sọ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lòun kí òun tó rí ọ̀run, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti ń di ẹrù lé òun lórí. Ọrùn ọmọ ènìyàn, ó ní, Ọlọ́run kò dá a fún òṣùká nìkan.

Láti ìgbà náà ló ti di Gbọ́kànsókè. Bí ìsìn bá ń lọ, yóò rọra dìde, yóò máa rìn láàárín àga, ẹni tó bá tẹ orí mọ́lẹ̀, yóò fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ó ṣe é fún àgbà, ó ṣe é fún ọmọdé. Ọjọ́ kan, akọ̀wé kan tó ti Ìkọ̀lé wá nítorí owó orí jókòó sí ẹ̀yìn, oorun gbé e lọ. Bánkọ́lé gbé àgbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin náà ta jí, ó béèrè pé kí ló dé. Bánkọ́lé ní, "Ọkàn yín ló jábọ́, mo ń bá yín he é."

Àga tó kàn fún ìjọ náà ń kọ́? Ó ní àga tó tẹ́jú ló ń jẹ́ kí ènìyàn máa ro oko ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ kí wọ́n dagun síwájú ní íǹṣì kan, kí ẹni tó bá ń gbàdúrà lè jókòó dáadáa, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti lọ sóko bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀. Wọ́n bá a fà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ààbọ̀ íǹṣì. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ló bá ara wọn nílẹ̀ kí a tó kọ orin kejì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ọkùnrin ti ń mú ṣùkù àgbàdo wá láti ilé, tí wọ́n ń fi há ẹsẹ̀ àga.

Irú ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù fún ní ọdún kan nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kó àgbàdo kúrò lórí àjà. Ó gbé àkàsọ̀ tì í, ó kó o délẹ̀ délẹ̀, ó sì dá ti kálukú padà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó jókòó síwájú, ó yíjú padà. Kò sẹ́ni tó ń wòkè. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Ó délé, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀.

Ó wá rò ó pé bí wọn kò bá rí nǹkan wò lókè, òun yóò fún wọn ní nǹkan wò. Ó ra búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, ó pò ó mọ́ omi, ó fi kun gbogbo abẹ́ àjà, ó fi ẹfun ya ìràwọ̀ sí i. Ó dára. N kò lè sọ pé kò dára. Ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá páànù ń jò. Òjò kan wá rọ̀ ní ọjọ́ oúnjẹ Olúwa, ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń wọ funfun. Ìyá Wùnmí wo gèlè rẹ̀, ó wo ìborùn ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Jeremáyà, sánmà rẹ ń ṣí." Ìjọ tó wọ funfun wọlé, aró ló wọ̀ jáde.

Ó ku ti ewúrẹ́. Ọjà wa kì í bá ọjọ́ Ìsinmi pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n bó bá ti bá a pàdé, iṣẹ́ bá Bánkọ́lé nìyẹn. Àwọn obìnrin á gbé ẹrù wọn ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè gba ibẹ̀ lọ sọ́jà, wọn á sì jókòó sí ibi tí wọ́n ti lè máa yọjú wò ó lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, Bánkọ́lé dìde, ó ti gbogbo fèrèsé. Ó ní Ọlọ́run ń ṣọ́ ẹrù wọn, kí wọ́n gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Nígbà tí a jáde, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ Ìyá Wùnmí tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ agbọ̀n tó gbé e. Bánkọ́lé ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá Wùnmí kò jẹ́ kó rí i. Ó ní, "O ní kí n wòkè, mo wòkè. Ewúrẹ́ kò wòkè."

Báyìí ni oṣù ń lọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí bíṣọ́ọ̀bù dé, Bánkọ́lé rù. Ó ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, á kàn án sódì. Ó sọ fún mi nínú oko pé bí kò bá sí ẹnì kan ṣoṣo, a jẹ́ pé láti ìgbà tóun ti padà dé Ìdí-Àyìn, afẹ́fẹ́ lòun ń kan ìṣó sí. Èmi náà, bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí a ó jẹ ni mo máa ń rò.

Ó wá pinnu pé òun yóò lọ bá Ìyá Wùnmí dúnàádúrà. Mo bá a lọ, nítorí mo mọ ẹnu méjèèjì. Ìyá Wùnmí ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń yin àgbàdo sínú igbá. Bánkọ́lé kí i, ó kí i títí, ó wá ní nǹkan kékeré kan lòun ń bẹ̀ ẹ́ fún. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá dé, kí ó sọ fún wọn pé ọkàn òun kọjá àgbàdo. Òun yóò kan àga kan fún un, tí kò dagun.

Ìyá Wùnmí ní rárá.

Bánkọ́lé ní àga kan àti àpótí.

"Onídèérí?"

"Onídèérí."

Ìyá Wùnmí dúró, ó wo inú ilé rẹ̀, ó wo ibi tí àpótí náà ì bá gbé. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Rárá. Urọ́ ni. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tilẹ̀ ti bi mí rí ohun tí mo ń wò lókè?"

"Àgbàdo ni."

"Àgbàdo ni. Ọdún tí ọ̀dá dá, kí wọ́n tó bí ọ, àjà ulé mi ṣófo. Mo ń dùbúlẹ̀, mo ń wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn ọmọ ń sunkún. Mo sin méjì lọ́dún yẹn kí n tó bí Wùnmí. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo gbójú sókè, tí mo mọ̀ pé ìdì mi wà níbẹ̀, n kì í rí ọ̀rọ̀ sọ. O ṣé ni mo ń wí. Ẹ̀yin ń kọrin, mo ń wí pé o ṣé. Àlùfáà ń wàásù, mo ń wí pé o ṣé. Ìwọ lo wá kó o kúrò, tó o fi aró kun ibẹ̀."

Ó padà sí àgbàdo rẹ̀. A padà sílé, mo gbé oúnjẹ síwájú Bánkọ́lé. Ó wá ní, "Àrìnkẹ́, káfíńtà ni mí. Mo ti kan àkàsọ̀ tó ogún. Èwo ló ti òkè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀?"

Ní ọjọ́ kejì ó lọ ra pákó tó nípọn. Ó tú àjà náà, ó tún un kàn, ó fi àyè sáàárín pákó kí ènìyàn lè máa rí ìdì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fi igi gbé e lábẹ́, ó sì lọ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n kó àgbàdo wọn bọ̀. Wọ́n rò pé ìdẹkùn ni. Ẹni tí oko rẹ̀ kò ṣe dáadáa lọ́dún náà, Bánkọ́lé fi ìdì kan síbẹ̀ fún un kí òun náà lè rí nǹkan wò. Inú tiwa ló ti ń mú un. Ìdì mẹ́rin mi di ẹyọ kan, mo sì bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Kò gbé àgbọ̀n ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àdúrà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò dìde, yóò ní, "Ẹ wo ti yín. Ṣé ẹ rí i? Ó dáa. Ẹ má dúró síbẹ̀." Yóò sì jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi kẹta, mo wo ìdì mi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, mo rántí àwọn tí mẹ́ta yòókù wà lọ́dọ̀ wọn, mo sì bá ara mi nínú àdúrà níbi tí n kò tíì dé rí.

Bíṣọ́ọ̀bù padà dé ní oṣù kẹwàá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wo òkè, wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn sún àga sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìwàásù parí, wọ́n ní àwọn yóò bi ẹnì kan ní ìbéèrè, àwọn fúnra àwọn ni yóò sì yan ẹni náà. Wọ́n wò yíká. Nínú gbogbo ènìyàn, Ìyá Wùnmí ni wọ́n nawọ́ sí. Mo rí Bánkọ́lé tó di etí àga mú.

Wọ́n ní, "Ìyá, kí lẹ ń wò lókè?"

"Àgbàdo ni, Bàbá."

Òógùn bo ojú ọkọ mi. Bíṣọ́ọ̀bù ní, kí ló wà lẹ́yìn àgbàdo?

"Ẹni tó gbé e wá."

"Ṣé ẹ rí I?"

"N kò rí I. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti oko dé, tí mo bá ẹrù nínú ulé mi, ẹrù tó ju agbára mi lọ, ṣé màá ní ó dá rìn wá ni? Màá kọ́kọ́ kí ẹni tó gbé e, bí n kò tilẹ̀ bá a nílé."

Bíṣọ́ọ̀bù yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Wọ́n pe Bánkọ́lé síwájú. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ìjọ, kí ló ṣèlérí fún ìyá yìí kó tó lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Bánkọ́lé kò mọ irọ́ pa níwájú tábìlì. Ó ní, "Àga kan, Bàbá, àti àpótí onídèérí. Ó kọ̀ ọ́." Bíṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi ṣí. Orí tábìlì náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé.

Fún ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣáájú ìsìn. N kò ní purọ́ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń fo ojú ìwé, ohùn rẹ̀ kò sì bá orin kankan mu. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó kéré jù fún un láti gbàdúrà sí. Ó gbàdúrà fún iṣu tó jẹrà, fún ọkọ̀ tó dákú lọ́nà Ayébọ̀dé, fún abo adìyẹ Modúpẹ́ tó kọ̀ tí kò sàba. Ọmọ tó ka ìwé jù nínú abúlé bi í pé ṣé irú nǹkan báwọ̀nyí tó ohun tí à ń gbé lọ síwájú Ọlọ́run. Ó ní Ọlọ́run ló dá adìyẹ, òun kò sì tíì gbọ́ pé ojú tì Í.

Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1968. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi dùbúlẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ, yàrá kún, àwọn ènìyàn dúró dé ẹ̀yìn fèrèsé, nítorí gbogbo wọn gbà pé ẹni tó ti ń ro ọ̀run fún ogún ọdún yóò sọ bó ṣe rí fún wọn kó tó wọlé. Àlùfáà mú bíírò, ó ṣí ìwé tí ìjọ ń kọ nǹkan sí. Ó tẹ̀ba, ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń rò?"

Bánkọ́lé la ojú. Èmi ni ojú rẹ̀ ń wá. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Òjò ń bọ̀. Pe Ayọ̀kúnlé kó fi pákó lé e."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Ayọ̀kúnlé ni káfíńtà kejì ní Ìdí-Àyìn, fún ọdún mẹ́tàlá ni ọkọ mi sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ilẹ̀kùn tí ọkùnrin náà kàn tó ń tì. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Bàbá Yétúndé, ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló kù báyìí?"

Ó ní, "Ti ọ̀hún ti parí. Tìrẹ ló kù."

Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Àlùfáà wá kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ilẹ̀kùn, òjò, Ayọ̀kúnlé. Ó wà nínú ìwé ìjọ títí di òní.

Ọjọ́ kẹta tí a sin ín ni Ayọ̀kúnlé wá. Kò jẹ́ kí n pe òun. Ó kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn náà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí kì í ṣe rí, ó rẹ́ pákó, ó kàn án, ó ṣí i, ó tì í, ó tún tì í. Mo bu oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ dé lọ́sẹ̀ náà, mo gbé àpótí síwájú ààrò, mo jókòó. Mo ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu ilẹ̀kùn náà. Kò wọlé.